Ẹ Bi Àǹtí Rónkẹ́: Ta Ló Ni Sáà Síkì Tó Kọjá?

Oṣù Karùn-ún 2025 la wà yìí. Àwọn òkè ti ń dá ẹ̀rọ wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, yìnyín ti ń di omi tó ń ṣàn lọ sódò, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín kò dín. Láti ìgbà tí mo ti ṣèèṣì sọ lójú ìwé yìí pé èmi náà máa ń ṣe síkì, eré tí wọ́n ń fi pákó gígùn méjì sẹ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè lórí yìnyín, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ti lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ eékún ló kù. Mẹ́ta ni mo mú lónìí.

*Àǹtí Rónkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin mẹ́rin ni wá, Aurora ní Colorado la ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mẹ́ta nínú wa. Ọdún kẹta rèé tí a ti jọ ń lọ sórí òkè. Tí sáà bá ti parí, a máa ń pàdé nílé ẹnì kan, a ó se ìrẹsì ọ̀fadà, kálukú á wá sọ ohun tó dùn mọ́ ọn jù. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ obìnrin eléré síkì di ariwo. Ọ̀kan ní ti Mikaela Shiffrin tó borí ìdíje nígbà ọgọ́rùn-ún ló ga jù. Èkejì ní rárá, Federica Brignone ni. Ẹ̀kẹta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni ogójì ọdún, ní ẹni tí kò bá ti dárúkọ Lindsey Vonn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìrẹsì òun. Nígbà tó kàn mí, mo dákẹ́. Ohun tí mo rántí nínú sáà tèmi ni pé mo ṣubú níbi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àga tó ń gbéni gòkè, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, gbogbo èèyàn ń wò mí. Ta ló jàre nínú wọn? Kí ló sì yẹ kí n sọ?*
*Ìyá Ìbejì, Aurora*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín ná, torí ẹjọ́ dídá dùn mọ́ mi ju ìmọ̀ràn lọ.

Ẹni tó dárúkọ Shiffrin kò purọ́. Ọmọ Colorado wa níbí ni, Vail ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ní Sestriere ní Ítálì, ó gba ipò kìíní nínú slalom (eré yíyí láàárín àwọn ọ̀pá tí wọ́n gbìn súnmọ́ra), ó sì pé ìgbà ọgọ́rùn-ún tó ti borí nínú ìdíje World Cup, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje síkì tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní gbogbo sáà. Ingemar Stenmark ará Sweden, tí àwọn àgbà eré yìí rò pé kò sẹ́ni tó máa lé e bá, 86 ló dúró sí. Ọjọ́ Àìkú ni. Kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù níbí, mo ti da ìbora bora lórí àga, mo ń wò ó lórí fóònù, ọkọ mi ń béèrè pé ta ló kú.

Kì í ṣe iye yẹn ló mú omi bọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, ní Killington ní Vermont, òun ló ṣáájú lẹ́yìn ìsáré àkọ́kọ́ nínú giant slalom (ìsáré méjì ni, ọ̀pá tirẹ̀ sì jìnnà síra ju ti slalom lọ), ó ti ń sún mọ́ ìparí ìkejì, ló bá ṣubú. Nǹkan kan gún un wọnú ẹran ẹ̀gbẹ́ ikùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oṣù méjì kọjá kó tó tún díje, ní Courchevel ní Faransé, ipò kẹwàá ló sì ṣe. Nígbà tí ìdíje àgbáyé, tó yàtọ̀ sí World Cup, bẹ̀rẹ̀ ní Saalbach ní Austria, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ọkàn òun kò tíì gba giant slalom, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ẹni tó ti borí nígbà 99 ló ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Àwa tí a kò borí ẹnikẹ́ni rí, orí fífọ́ la máa ń fi bojú.

Síbẹ̀, mi ò lè fún un ní sáà yìí. Ọgọ́rùn-ún yẹn, àjọ tó dá fún ọdún méjìlá ni. Oṣù Kejìlá 2012 ló da owó àkọ́kọ́, ní Åre ní Sweden, ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Sestriere kàn jẹ́ ọjọ́ tó kó àjọ ni. Nínú sáà yìí fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló borí.

Ti Vonn ńkọ́? Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó bu ìrẹsì fún yín, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Vonn, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fẹ̀yìn tì láti 2019. Ní 2024 wọ́n fi irin rọ́pò apá kan nínú eékún rẹ̀ ọ̀tún, kí ọdún náà sì tó parí ó ti padà sórí òkè pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè pè é ní àǹtí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ní Sun Valley ní Idaho, ó ṣe ipò kejì nínú super-G (eré tó yá ju giant slalom lọ), Lara Gut-Behrami ọmọ Switzerland nìkan ló yára jù ú lọ. Ẹni ogójì ọdún ni. Ṣáájú ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó tíì dúró lórí àpótí World Cup rí, èyí tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń dúró sí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹni ọdún 52, àwọn ọmọ mi kì í yé sọ pé, “Màámi, ẹ rọra.” Mo fi fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò kọ ohunkóhun sí i.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nìyẹn. Sáà lẹ bi mí, Brignone, ọmọ Ítálì, ló sì ni ín.

Òun ló borí ní Sölden ní Austria lọ́jọ́ tí ìdíje àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, ẹni ọdún 34, kò sì sí obìnrin tó dàgbà tó o tó ti borí ìdíje World Cup ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí sáà fi parí, ìgbà mẹ́wàá ló borí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ife àgbà: ẹni tó borí gba máàkì 100, ẹnì kejì 80, ẹnì kẹta 60, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ dé ẹni ọgbọ̀n, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìparí. Ọlọ́jà tó ń pàtẹ lójoojúmọ́ ló ń gbà á. Brignone gba ife àgbà yẹn, ó gba ti downhill, ó tún gba ti giant slalom. Downhill ni ibi tí wọ́n ti ń sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, àyà ló ń fẹ́. Giant slalom, ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n yí ló ń fẹ́. Kí ẹnì kan náà kó méjèèjì lọ́dún kan náà, ó dà bí ẹni tó ń lu dùndún tó tún ń jó o. Ó sì tún gba góòlù giant slalom ní Saalbach.

Ilé ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wá. Ìyá rẹ̀, Ninna Quario, borí nígbà mẹ́rin nínú slalom World Cup nígbà tirẹ̀, kó tó di oníròyìn eré ìdárayá. Davide, àbúrò Brignone lọ́kùnrin, ló ń kọ́ ọ. Ẹ rò ó wò, kí àbúrò yín máa pariwo mọ́ yín lórí òkè láti àárọ̀!

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, sáà ti parí, ife ti dé ilé, ó lọ díje nínú ìdíje orílẹ̀-èdè wọn, ó ṣubú, egungun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣẹ́ ní méjèèjì. Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́, mo ní láti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oṣù Kejì 2026 ni Olympic yìnyín fẹ́ wáyé nílé wọn, ní Milano àti Cortina. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

Ó ku tiyín. Ìṣubú lórí àga yẹn, ta ni kò ṣẹlẹ̀ sí? Ọdún àkọ́kọ́ tèmi, mo wọ ìborùn gígùn kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta. Mo dìde, ìborùn kò dìde, ó ti há mọ́ àga. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ sáré tẹ bọ́tìnnì, gbogbo àga tó wà lẹ́yìn wa ń mì dirodiro lójú ọ̀run, èmi sì ń bẹ ìborùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń fì lára mi mọ́. Ẹ kó ọ̀pá méjèèjì sí ọwọ́ kan, kí okùn rẹ̀ má wà lọ́rùn ọwọ́ yín. Tí ẹ bá ti rí pátákó ibi ìsọ̀kalẹ̀, ẹ sún ìdí síwájú, ẹ gbé orí síkì sókè díẹ̀. Ìgbà tó bá kan ilẹ̀, ẹ dìde pẹ̀lú eékún tó rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbàlagbà tó wọlé, kí ẹ jẹ́ kí àga náà tì yín lọ. Ẹ má wẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú ni ibi tí a ti ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tó bá tún kàn yín láti sọ̀rọ̀, ẹ sọ ti ìṣubú náà, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹnu ẹni kẹta ni ẹ̀rín á ti kọ́kọ́ jáde. Tèmi lọ́dún yìí kò ju ohùn kan lọ. Ní Loveland, lórí òkè tó wà lẹ́bàá ihò Eisenhower lójú ọ̀nà I-70, Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹta, yìnyín rọ̀ mọ́jú. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, ìmí ara mi nìkan ni mo máa ń gbọ́, hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí ajá. Lọ́jọ́ yẹn mo gbọ́ síkì mi. Yìnyín líle máa ń ha ni, ṣàràṣàrà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ń dún bí ìgbà tí ìyá mi bá ń jọ̀ èlùbọ́. Mo dúró lágbedeméjì òkè, mo jẹ kúlíkúlí tó wà nínú àpò mi. (Kúlíkúlí ni kí ẹ máa mú lọ. Mọ́ínmọ́ín á dì, dòdò á le bí òkúta.)

*Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Manchester ni mo wà. Mi ò tíì rí òkè gidi rí, inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń da yìnyín sí ni mo ti kọ́ síkì. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ kọ́ ọ ń sọ̀rọ̀ Faransé àti Austria, bí sáà wọn ṣe lọ. Ṣé èmi náà lè sọ pé mo ní sáà? Ẹ̀ẹ̀kejì, akoto kò wọ orí mi. Ṣùkú ni mo dì.*
*Àbẹ̀kẹ́*

Àbẹ̀kẹ́ mi, o ní sáà. Kò jìnnà sí ọ rárá, ní Lancashire, Dave Ryding kọ́ tirẹ̀ lórí òkè tí wọ́n fi ike ṣe ní Pendle, kò tiẹ̀ sí yìnyín kankan níbẹ̀. Ní 2022 ó borí slalom Kitzbühel ní Austria, ọmọ ilẹ̀ Britain àkọ́kọ́ tó borí ìdíje World Cup lórí òkè. Ọkùnrin ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ ẹ mu. Yìnyín inú ilé máa ń le nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá lè yí ẹsẹ̀ lórí ìyẹn, ti òkè á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ tó o máa rí ni pé òkè kì í parí kíá: itan ẹ á gbóná kó o tó dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ irun ló dùn mọ́ mi. Ṣùkú kò lè wọnú akoto, ọmọ mi. Gbogbo irun ti kó sí àtàrí, akoto á wá jókòó lórí òkìtì, iwájú orí á ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á wọlé láàárín akoto àti awò ojú ẹ. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà kò dára, iwájú orí ló ń parí sí, awò á sì tẹ̀ ẹ́. Kọ́lẹ́sẹ̀ ni kó o dì, kí ó lọ sẹ́yìn, kí wọ́n kì í bọlẹ̀ lọ́rùn. Fi fìlà sílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ akoto. Ìgbà tó o bá ti dì í tán ni kó o lọ wọn akoto, má wọn ọ́n kó o tó lọ dirí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, nígbà tí irun mi kún ni mo rà á. Mo gé irun, akoto di igbá.

*Àǹtí, mo kí yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní Grenoble ní Faransé fi fọ́tò ránṣẹ́, ó wọ nǹkan gígùn méjì sẹ́sẹ̀, ó dúró lórí yìnyín. Ó ní sáà òun dùn. Ìyá rẹ̀ kò sùn. Ṣé obìnrin dúdú kan tiẹ̀ ti ṣe eré yìí dé ibi kan?*
*Bàbá Adéọlá*

Bàbá, ẹ kú àbójútó ọmọ. Wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí Togo, aládùúgbò wa, kọ́kọ́ lọ sí Olympic yìnyín ní Sochi ní 2014, ènìyàn méjì ni wọ́n kó lọ, obìnrin ni méjèèjì, síkì ni méjèèjì ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Mathilde-Amivi Petitjean, òkè Faransé níbẹ̀ náà ló ti dàgbà. Ní 2018, Sabrina Simader ṣe é fún Kenya, Mialitiana Clerc ṣe é fún Madagascar. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ débẹ̀, obìnrin mẹ́rin, Seun Adigun àti Simidele Adeagbo wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí yìnyín làwọn gùn, kì í ṣe síkì. Ní Amẹ́ríkà níbí, láti 1973 tí àwọn ẹgbẹ́ síkì aláwọ̀ dúdú ti kọ́kọ́ pàdé ní Aspen ni wọ́n ti ń pàdé.

Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kó sùn. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà kó fi fídíò ránṣẹ́. Nínú fọ́tò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe.