Hẹ́dífóònù Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Fi Etí Ṣiṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí n sì máa tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà: ìwàásù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìpàdé ilé iṣẹ́. Ilé ni mo ti ń ṣe é. Tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ariwo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lódìkejì ọgbà tó ń hó. Íápíìsì tí mò ń kì bọ etí ti ń dùn mí. Mò ń lo awò ojú, mo sì ń wọ híjáàbù. Ẹnìkan tó ń tà á ní Ìkẹjà ní kí n ra Beyerdynamic DT 770 Pro tó jẹ́ 250 ohm, pé òun ló lágbára jù. Ọkọ mi ní oní-Bluetooth tó ń pa ariwo ni kí n rà. Lálẹ́, tí iṣẹ́ bá tán, mo fẹ́ fi máa gbọ́ àpàlà. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn.

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ohùn ní ilé iṣẹ́ rédíò, ohun tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí náà ni mo fẹ́ sọ fún yín: kí ẹ tó béèrè orúkọ, kí ẹ tó béèrè iye, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó bo etí yín dé gbogbo ẹ̀gbẹ́, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè gbà. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ yín lórí, ẹ ti fi owó ṣòfò, ìbáà jẹ́ ti ọba.

Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ni tiyín lóòótọ́. Àwọn kan wà tó ní ihò lẹ́yìn bí asẹ́; ohùn inú wọn ń jáde, ti ìta ń wọlé. Wọ́n dùn púpọ̀ ní yàrá tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tún rántí pé ìpàdé ilé iṣẹ́ wà nínú ohun tí ẹ ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn ni. Kò yẹ kí ẹni tó bá jókòó tì yín máa gbọ́ ọ.

Ibi tí agbára èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí mọ rèé o. Igbe ọmọ, ìró àwo àti ti tẹlifíṣọ̀n, ó máa ń dín wọn kù dáadáa. Ìró tó wúwo tó ń lọ nísàlẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀, máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ń pa ariwo ní máìkì kéékèèké lára tó ń gbọ́ ariwo ìta. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ á wá dá ìró tó lòdì sí i sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Ìró tó ń lọ bákan náà láìdáwọ́ dúró, ti jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú, ló mọ̀ ọ́n pa jù. Igbe ọmọ tó ṣàdédé ta, kì í tètè rí i mú.

Tó bá jẹ́ pé abẹ́ fèrèsé yín gan-an ni jẹnẹrétọ̀ náà wà, mà bá ní kí ẹ ṣe ti ọkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ní òdìkejì ọgbà ni. Ohùn àwọn ọmọ ló ń dí yín lọ́wọ́ jù nígbà náà, torí pé ohùn ènìyàn ló máa ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀. Oníwáyà ni kí ẹ rà. Kò nílò kí ẹ máa gba iná sí i lára, bí wọ́n mú iná lọ, bí wọn ò mú un lọ. Bluetooth sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé etí. Ẹni tó ń gbọ́ orin lásán lè má mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń dá ohùn dúró, tí ẹ ń dá a padà sẹ́yìn, tí ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ síwájú láti àárọ̀ dalẹ́, yóò sú yín. Tí ẹ bá sì ṣí máìkì inú rẹ̀ láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ohùn tó ń wọ etí yín á máa dà bíi ti ìpè fóònù.

Ẹni tó ní 250 ohm ló lágbára jù ti ṣì yín lọ́nà. Iye ohm kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára; bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá ló ń sọ. Bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń wá láti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù á ṣe ṣòro tó láti mú kí ó pariwo. Oríṣi mẹ́ta ni DT 770 Pro yìí, ti ilé iṣẹ́ Beyerdynamic ní Jámánì: 32, 80 àti 250 ohm. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ lórí tábìlì ni 250 wà fún. Nínú fóònù yín, ohùn rẹ̀ á kéré, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún yín, oní-80 ohm ni mà á mú. Aṣọ tó rí bí àrán ni wọ́n fi ṣe tìmùtìmù etí rẹ̀. Nínú ooru Ìbàdàn, àrán ṣàǹfààní ju awọ oníke lọ, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa gún ẹsẹ̀ awò ojú mọ́ yín ní ẹ̀bátí. Wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 3, kì í sì yọ. Tí ọmọ bá fà á já, ẹlẹ́rọ ló máa tún un ṣe. Sony MDR-7506 tó jáde ní 1991 náà dára fún iṣẹ́ yín. Ó fúyẹ́, ọ̀rọ̀ ń ṣe kedere nínú rẹ̀, orí àwọn oníṣẹ́ rédíò ló sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù rẹ̀ tín-ín-rín, òógùn a sì máa jẹ ẹ́. Audio-Technica ATH-M50x ní wáyà tó ṣeé yọ, ó wulẹ̀ máa ń fún orí jù fún ẹni tó lo awò ojú ni. Kò sí máìkì lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ wọ awò ojú yín àti híjáàbù tí ẹ máa ń wọ̀ nídìí iṣẹ́. Ẹ fi àpàlà kan sí i, kí ẹ tẹ́tí sí agídìgbo, ohùn rẹ̀ tó wúwo nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra tẹ hẹ́dífóònù náà mọ́ etí. Tí agídìgbo bá ṣàdédé kún sí i bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan jáde nìyẹn. Ẹ fi ìka wá a kiri. Ẹ̀yìn etí, níbi tí ẹsẹ̀ awò gbà kọjá, ló sábà máa ń wà, tàbí ibi tí híjáàbù ti ṣẹ́po lábẹ́ etí. Aṣọ fẹ́lẹ́ kan kò ṣe nǹkan púpọ̀, ìṣẹ́po ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ gbé hẹ́dífóònù sábẹ́, kí híjáàbù wà lórí rẹ̀, kí ẹ fa wáyà gba ìsàlẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Tí títẹ̀ àti àìtẹ̀ bá ti rí bákan náà létí yín, ó ti bo etí dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ohùn ẹnìkan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ sí i, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Àárín orí gan-an ló yẹ kí ẹ ti máa gbọ́ ọ. Tó bá tẹ̀ sí apá kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bíbo etí kò ju pé ẹni tí ariwo ìta ń wọ etí rẹ̀ á máa fi ohùn kún un láti borí rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tó bá a dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kó má kọjá desibẹ́ẹ̀lì 80 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń pariwo tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi etí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ ti sún mọ́ wákàtí 40 yẹn kí àpàlà alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ibi tí ohùn á wà ní òwúrọ̀ kùtù nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́, kí ẹ má sì kọjá ibẹ̀ ní ọ̀sán. Tí ariwo bá pọ̀ jù, ẹ dìde, ẹ sinmi. Irun tíntìnní inú etí tó ń gba ìró fún ọpọlọ, tó bá ti kú, kì í hù mọ́. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ ti ṣe àṣejù lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí àpàlà di ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Tìmùtìmù etí hẹ́dífóònù mi ti ń bó, ó ń lẹ̀ mọ́ mi létí, ohùn abẹ́, èyí tó wúwo nísàlẹ̀, sì ti lọ nínú rẹ̀. Ṣé kí n ra òmíràn ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÈSÌ: Rárá o, àbúrò mi. Tìmùtìmù nìkan ni kí o pààrọ̀. Ibi tó ti bó yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, òun náà ló sì gbé ohùn abẹ́ lọ. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún irú tìrẹ gan-an. Tó bá nípọn jù tàbí tó tín-ín-rín jù, ohùn á yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, etí aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi há inú kòtò tó yí ìdérí náà po. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí o máa fi èékánná tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi yí i ká. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Tí o bá lò ó tán, fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára rẹ̀, má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.