Èsì: Ṣé oríire lásán ni Texas fi borí USC?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní bóyá oríire lásán ni Yunifásítì Texas fi gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù alárà Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì lọ́wọ́ USC (Yunifásítì Southern California) ní ìdíje àṣekágbá Rose Bowl ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2006. Rárá o. Kí Texas tó dé Pasadena, ìlú tí wọ́n ti gbá a, kò sí ẹni tí ó borí wọn ní sáà náà: ní oṣù Kẹsàn-án 2005, wọ́n na Ohio State mọ́lé ní 25 sí 22, nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá, wọ́n fi 70 sí 3 fọ́ Colorado túútúú.

Lóòótọ́, ìgbà 34 ni USC ti borí léraléra, wọ́n sì ń fi 38 sí 33 ṣáájú nígbà tí LenDale White, agbábọ́ọ̀lù wọn, ń wá yáàdì méjì péré kí bọ́ọ̀lù lè wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n Texas dá a dúró. Ibẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí ó ku ìgbìyànjú kan ṣoṣo, Vince Young, tí ó ń darí ìkọlù Texas, kò rí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí, ó gbá a mọ́ra, ó yà sí ọ̀tún, ó sì sáré wọ igun pápá níbi tí wọ́n ti ń gba àmì nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 19. Ó parí sí 41 sí 38. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ sá yáàdì 200, tí ó tún fi ọwọ́ ju 267 lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ni ó ṣe.