Èsì: Káàdì 6% ni àbí ti 2%?

Bùọ̀dá mi, ẹ kú ìgbà tí ẹ dé Houston ní Amẹ́ríkà. Ẹ béèrè bóyá káàdì àwìn (credit card) tó ń dá 6% owó tí ẹ bá fi rajà padà fún yín sàn ju ti 2% lọ. Ó kù sọ́wọ́ ohun tí ẹ ń ná lórí oúnjẹ.

Blue Cash Preferred ti American Express (Amex) ń dá 6% padà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n lórí $6,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ni, wọ́n á sì gba $95 lọ́wọ́ yín lọ́dún. Citi Double Cash kì í gba nǹkan kan lọ́dún: 1% nígbà tí ẹ bá rajà, 1% nígbà tí ẹ bá san gbèsè rẹ̀. Tí oúnjẹ yín kò bá tó $200 lóṣù, ti 2% yìí ló máa pé yín. Walmart kì í sì í ṣe súpámákẹ́ẹ̀tì lójú Amex o. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra ìrẹsì níbẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káàdì àwìn kankan fi owó ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń kà á sí kéèṣì tí ẹ yá, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èlé tó lè lé ní 20% lọ́dún, kí ni 2% fẹ́ ṣe níbẹ̀? Èmi ti ní kí báńkì máa yọ gbogbo gbèsè káàdì mi nínú àkáǹtì mi lóṣooṣù.