Eku jẹ wáyà tẹlifíṣọ̀n wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Onírédíò. Ọmọ mi ra tẹlifíṣọ̀n tuntun fún wa, irú èyí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Pálọ̀ ni ráúta, àpótí kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, wà, àmọ́ yàrá ni mo gbé tẹlifíṣọ̀n sí nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. A fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, eku jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, la bá ní ká máa lo wáì-fáì. Fíìmù ò ní tíì dé ibi tó dùn tí nǹkan róbótó kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ mi bá sì gbé fíìmù láti orí fóònù rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹni tó bá pè é la máa ń rí orúkọ wọn níbẹ̀. Dátà oṣù kan kò lo ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni kò dáa ni?
Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu eku. Tẹlifíṣọ̀n yín ò ṣe nǹkan kan. Ráúta yẹn ńkọ́? Bí mo bá ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ gbé e sí, lẹ́yìn àga, ṣé mo parọ́? Ẹ gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kó má sì sún mọ́ dígí ńlá tàbí fíríìjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1959 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ni àwòrán ti ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé wa. Ẹ rántí ọpá eríà: ẹnì kan á máa yí i níta, ẹnì kan á máa pariwo nínú ilé pé "Ó ti wá! Háà, ó tún ti lọ!" Ráúta ni ọpá eríà yín báyìí.

Púpọ̀ nínú ráúta ló máa ń gbé orúkọ méjì jáde, ọ̀kan fún 2.4GHz, èkejì fún 5GHz, ìyẹn oríṣi ìgbì afẹ́fẹ́ méjì tó fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. (Kì í ṣe 5G táwọn onínẹ́tíwọ̀kì ń polówó o.) 5GHz yára gan-an, àmọ́ ògiri ń tètè dá a dúró, pàápàá ògiri alámọ̀ àtijọ́. 2.4GHz kò yára tó o, ṣùgbọ́n ó máa ń la ògiri jù ú lọ. Òun ni kí ẹ so tẹlifíṣọ̀n yàrá mọ́. Netflix, àwọn tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fúnra wọn ní mẹ́gábíìtì 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fún àwòrán 1080p tó mọ́ kedere, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta íntánẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ọbẹ̀ gbóná nínú máíkírówéèfù, fíìmù lè dúró díẹ̀, 2.4GHz lòun náà ń lò.

Ti ọmọ-ọmọ yín: ohun tó ń ṣe dà bíi kéèyàn gbé dígí síwájú fóònù. Ohunkóhun tó bá wà lójú fóònù ni yóò hàn, ìpè ọ̀rẹ́bìnrin náà ńkọ́! Kí ó ṣí YouTube, kó tẹ àmì onígun mẹ́rin kékeré tó ní ìlà mẹ́ta ní igun ìsàlẹ̀, kó yan tẹlifíṣọ̀n yín. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ni yóò máa lọ mú fíìmù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù á kàn di rìmóòtù. Wáì-fáì kan náà ni kí àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀ ṣá. Ẹ má ju ọ̀nà dígí nù pátápátá. Fọ́tò ìgbéyàwó tó ti wà nínú fóònù kì í jẹ dátà bí ẹ bá gbà á wò ó.

Ní ti dátà, Netflix lè jẹ gígábáìtì 3 ní wákàtí kan bó bá wà ní HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ kedere. Bí ẹ bá dín mímọ́ àwòrán náà kù sí àárín, kò tó gígábáìtì 1. Lórí YouTube, 480p, tí kò mọ́ tó 1080p, tó. Fún àwa tá a ti ń wọ gíláàsì, ibo la ti fẹ́ rí ìyàtọ̀? Ẹ pa "Autoplay" náà. Ẹ̀yin lè ti sùn lọ, kó ṣì máa ti fíìmù kan bọ́ sí òmíràn. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni dátà yín ń gbà lọ.

Bí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ ra wáyà tuntun, kẹ́ ẹ ní kí oníná fi páìpù tó ń lò lára ògiri bò ó.