Ibo ni kí n lu ihò sí lára báàfù tí mo fẹ́ fi ṣe àkùrọ̀ kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Báàfù rọ́bà ńlá kan wà nílé wa ní Ìbàdàn tí a kò lò mọ́, jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ó wù mí kí n fi ṣe àkùrọ̀ kékeré tí n ó gbin kókò àti ewéko etí odò sí, ṣùgbọ́n bàbá onílé wa ní ẹ̀fọn ni n ó máa sìn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n lu ìdí rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ẹ̀fọn ń di ẹ̀fọn tí ń fò nínú omi tí ó dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ kì í ṣe adágún: ilẹ̀ rẹ̀ a máa rin gbingbin, síbẹ̀ omi kì í dúró lé e lórí. Ibi tí ẹ bá lu ihò sí ni yóò pinnu èyí tí ẹ ó ní nínú méjèèjì.

Ẹ má lu ìdí báàfù náà rárá. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ lu yíká, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀ ibi tí ojú iyẹ̀pẹ̀ yóò dé. Ìṣó tí ẹ fi ẹ̀mú dì mú sínú iná títí ó fi pọ́n yóò wọlé láìjẹ́ kí rọ́bà là. Omi tí ó wà nísàlẹ̀ ihò ni gbòǹgbò yóò máa mu, èyí tí ó bá pọ̀jù nígbà òjò yóò sì gba ẹgbẹ́ jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ihò náà láti inú.

Kí ẹ tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn sí i tí òjìji sì ń bò ó lọ́sàn-án, torí pé bí ó bá ti kún tán, apá kò ní í ká a mọ́. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ tí ó ní amọ̀ díẹ̀ mọ́ ewé tí ó ti jẹrà dáadáa, kí ẹ máa wọ́n omi sí i bí ẹ ti ń bù ú, kí àárín rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju etí lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí yóò máa rùn, yóò sì jó gbòǹgbò.

Ní ti kókò, oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì fẹ́ràn ẹrẹ̀. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ọn: bí ó bá so mọ́ inú ẹ̀yìn ewé, tí ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí etí ewé ti là, òun ni kí ẹ gbìn, bí ó bá jẹ́ ibi tí ewé ti là gan-an ni ó so mọ́, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Ẹyọ kan tó fún báàfù yín. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún náà yóò ṣe dáadáa, bí ẹ bá gbìn ín síbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ga. Ojúoró àti òṣíbàtà ń fẹ́ omi gbalasa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú water hyacinth, ewéko kan tí ń léfòó lórí omi, wálé nítorí òdòdó rẹ̀. Láti 1984 tí wọ́n ti rí i ní ọ̀sà Badagry ni ó ti ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja, èyí tí òjò bá sì gbá sínú gọ́tà yóò dé odò.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀. Bí kò bá tutù, ẹ bomi sí i títí yóò fi máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi bá ṣì dúró lójú iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò, ihò ti dí nìyẹn: ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ kan gún un láti ìta.