Trailer fíìmù adẹ́rùbani: ẹ̀rín ni kíláàsì bú sí, ibo la ti ṣì í ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o ẹ̀gbọ́n. Mass Comm la ń kà ní poly, ND2 la wà. Lẹ́kíṣọ̀rà wa ní ká lọ ṣe trailer fíìmù adẹ́rùbani (fídíò kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù), kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, fíìmù ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò sí o, trailer nìkan ló fẹ́. Àwa márùn-ún la wà ní gúrúùpù, fóònù Android kan tí kámẹ́rà ẹ̀ dáa díẹ̀ la ní. A ti ya àkọ́kọ́, a ra ìbòjú, a da péńtì pupa sára aṣọ funfun bí ẹ̀jẹ̀, ìgbà tá a wá gbé e han àwọn ọmọ kíláàsì, ẹ̀rín ni gbogbo wọn bú sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn ká yín lára jù, trailer ni mo fi ń jẹun (ti fíìmù ni mò ń sọ o, kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì), wọ́n ṣì ń fi àwọn tí mo kọ́kọ́ ṣe rẹ́rìn-ín dòní. Ohun tó fà á ò ṣòro mọ̀: ẹ ti jẹ́ kí wọ́n rí i. Ìbòjú yẹn, wọ́n mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, péńtì yẹn, wọ́n mọ̀ pé péńtì ni, ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú, wọ́n mọ̀ pé ọmọ kíláàsì wọn tó jẹ wọ́n lówó ni. Kí ló wá fẹ́ bà wọ́n lẹ́rù níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti gbé boarding house rí ní Nàìjíríà yìí á mọ Madam Koi Koi. Ta ló rí i rí? Kò sẹ́nì kankan. Bàtà ẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́, kọi, kọi, kọi, ní kọ́rídọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti paná, ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n á kúkú tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ju kó jáde lọ. Ìró bàtà lásán, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Torí náà etí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ojú á tẹ̀lé e.

Ti pé fíìmù ò sí yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Nígbà tí Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, ń polówó fíìmù adẹ́rùbani ẹ̀ tó ń jẹ́ Psycho lọ́dún 1960, òun fúnra ẹ̀ ló ń rìn kiri inú ilé tí wọ́n ti ya fíìmù náà, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń sọ pé ibí yìí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á tún gbé e jẹ, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó pariwo ní bálùwẹ̀ níparí ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ẹni tí wọ́n pa síbẹ̀ nínú fíìmù gan-an. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ìtàn yín sójú ìwé kan, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ki ìparí yẹn bọ àpò, kò gbọdọ̀ dénú trailer. Àìsàn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ project tí mo ti rí nìyẹn, wọ́n á rò gbogbo ìtàn tán pátá, iwin jáde, wọ́n pa iwin, ó parí, kí ni mo tún fẹ́ wá wò?

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọ̀kan, tó bá wù yín ẹ mú un. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé pé tí wọ́n bá ń pe orúkọ ẹ lóru, má dáhùn. Ó dáa. Ọmọbìnrin kan ń kàwé ní họ́sítẹ̀lì, iná rechargeable kan ló wà lórí tábìlì, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti sùn. Ohùn ìyá ẹ̀ pè é láti ojú fèrèsé, "Bísí." Ó gbórí sókè, inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ dìde. Fóònù ẹ̀ bá dún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn ká rí orúkọ tó ń pè: Màámi. Ohùn ojú fèrèsé tún pè é, "Bísí."

Ẹ lo bí ogójì sẹ́kọ́ǹdì lórí ìyẹn nìkan, ẹ má kánjú rárá, ibẹ̀ ni gbogbo owó wà. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá gé e wéréwéré: kọ́tìnnì tó ń mì, ẹsẹ̀ tútù lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó dìde jókòó ṣùgbọ́n tójú ẹ̀ ṣì wà ní dídì, ọwọ́ tó ń fa ìdè ilẹ̀kùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò gbọdọ̀ ju sẹ́kọ́ǹdì kan lọ, sáúǹdì ń ga sí i, ó ń ga sí i, kẹ́ ẹ wá gé gbogbo ẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́kẹ́ pa. Sẹ́kọ́ǹdì kan sí méjì. Orúkọ fíìmù jáde. Ojú fídíò ṣókùnkùn, gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán, a wá gbọ́ ohùn Bísí nínú òkùnkùn yẹn: "Màá?" Ó ti dáhùn. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú kíláàsì yẹn tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé ohun tó kàn fún. Gbogbo ẹ̀ á gbà yín tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ má sọ pé torí wọ́n fún yín ní méjì kẹ́ ẹ lò ó tán.

Sáúǹdì wá ńkọ́? Ẹ má gbára lé máìkì fóònù tẹ́ ẹ fi ń yàwòrán, ó ti jìnnà jù. Ẹ gba ohùn sọ́tọ̀ pẹ̀lú fóònù ẹlòmíì ní gúrúùpù yín, kẹ́ ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, ẹ ṣí wọ́dúróòbù tí aṣọ kún kí òṣèré kọrí síbẹ̀ sọ̀rọ̀, aṣọ á gbé ariwo mì. Kẹ́ ẹ sì dúró dìgbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀! Oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá bá mi rí, gbogbo ibi tí iwin ti sọ̀rọ̀ ni "gbrrrr" wà lábẹ́ ẹ̀, ó ṣe mí bíi pé inú I-better-pass-my-neighbour ni iwin náà ń gbé, alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ń fọ ohùn yẹn, kò mọ́. Ìró tó kù ẹ ṣe é nílé: spaghetti gbígbẹ tẹ́ ẹ fi aṣọ wé tẹ́ ẹ wá ṣẹ́, egungun ni, ọ̀bẹ tó wọ inú kábéèjì, ara èèyàn ni. Mímí èèyàn létí máìkì ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi. Tẹ́ ẹ bá ti kó wọn jọ, ẹ kọ́kọ́ to sáúǹdì sílẹ̀ nínú app tí wọ́n fi ń ẹ́díìtì fídíò, bíi CapCut tàbí DaVinci Resolve (ọ̀fẹ́ ni Resolve, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára) látìbẹ̀rẹ̀ dópin kẹ́ ẹ tó fi àwòrán kankan sí i. Àwọn ìró tó ń dún húúú nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ní sinimá, ẹ má fọkàn sí wọn jù, sípíkà kékeré kíláàsì ò lè gbé e jáde, lẹ́kíṣọ̀rà yín ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ti àwòrán, aago mọ́kànlá òru kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ yà á, kámẹ́rà fóònù á kàn fún yín ní òkùnkùn tó ń hó bí iyanrìn. Síìnì tẹ́ ẹ bá máa yà níta, ẹ yà á láàárín aago 6:45 sí 7:15 ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run ṣì ní búlúù díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á dúdú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ẹ́díìtì. Inú ilé, ẹ fi kámẹ́rà sí Pro (ibi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ yí nǹkan fúnra yín), 25 frames (iye àwòrán tó ń yà ní sẹ́kọ́ǹdì kan), shutter 1/50 (bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó gba ìmọ́lẹ̀), torí 50Hz ni iná NEPA wa, tí shutter ò bá bá a mu, ẹ máa rí ìlà dúdú tó ń rìn kọjá lójú fídíò. Tí ti yín bá jẹ́ 30 frames nìkan, kò burú, ẹ ṣáà fi shutter sí 1/50 tàbí 1/100. Kẹ́ ẹ sì lọ́ọ̀kì ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà (exposure) kó má máa yí padà fúnra ẹ̀ níbi tí òṣèré bá ti rìn kọjá.

Ẹ̀jẹ̀, tó bá di dandan: ẹ se ṣúgà àti omi kó ki, ẹ fi àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i pẹ̀lú kókó díẹ̀, torí pupa lásán máa ń di píǹkì lójú kámẹ́rà. Díẹ̀ ni o, ìka kan.

Èyí tó kàn yìí, ẹ má fi ṣeré. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ HOD, kẹ́ ẹ sọ fún síkíọ́rítì àti pọ́tà họ́sítẹ̀lì kẹ́ ẹ tó ya nǹkan kan lálẹ́. Nígbà tí èmi náà wà níléèwé, èmi àtàwọn méjì kan wọ aṣọ funfun, a gbé igbá dání, a lọ sí oríta kan lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn láti ya síìnì ìrúbọ, kí n tó sọ pé "action" a ti rí ọkùnrin bíi mẹ́wàá pẹ̀lú pákó àti àdá tí wọ́n ń bọ̀. Ojú ibi tí mo ti fara gbọgbẹ́ ṣì wà lórúnkún mi. Ìyá kan tó mọ ọ̀kan nínú wa ló gbà wá sílẹ̀.

Logo ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá, ẹ má gbé e síwájú, àti ojú ìwé aláwọ̀ ewé tó máa ń wà níwájú trailer Amẹ́ríkà tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé máa ń dà kọ yẹn, ti àwọn tó ń to fíìmù sípele lọ́hùn-ún ni, ẹ ṣe ti yín. Músíìkì, ẹ lọ YouTube Audio Library, ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti gé e tán, ẹ wá ẹnì kan tí kò sí ní gúrúùpù yín, kó jókòó kọjú sí ògiri, kẹ́ ẹ ṣí trailer náà lẹ́yìn ẹ̀ kó máa gbọ́ ọ nìkan. Tó bá ti bojú wẹ̀yìn kó tó parí, ẹ lọ fi sílẹ̀ fún lẹ́kíṣọ̀rà yín. Tó bá jókòó jẹ́jẹ́ títí ó fi tán, sáúǹdì ni kẹ́ ẹ padà lọ tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan àwòrán.