Ṣé irọ́ ni gbogbo ìtàn abàmì inú omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ó ti pẹ́ témi àti àbúrò mi ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní gbogbo ìtàn abàmì inú omi, Kraken tó ń fa ọkọ̀ wọlẹ̀, mámí wọ́tà, ẹran omi inú Loch Ness, adágún kan ní Scotland, irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé ọtí ló ń pa àwọn atukọ̀. Èmi ò gbà, torí èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ò lè jọ mutí yó kí wọ́n sì rí nǹkan kan náà. Ẹ bá wa dá sí i.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ ibì kan wà tí àbúrò yín jàre.

Ẹ jẹ́ ká mú Kraken. Àwọn apẹja Norway ló ń sọ ọ́, bíṣọ́ọ̀bù Bergen kan, Erik Pontoppidan, wá kó ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé tó gbé jáde ní 1752 sí 1753. Wọ́n ní tó bá léfòó, èèyàn á rò pé erékùṣù ni. Wọ́n tún ní ibi tó bá wà ni ẹja máa ń pọ̀ sí, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá a lọ, wọ́n á ju okùn sómi níbi tí wọ́n mọ̀ pé ó jìn, tí okùn bá tètè kanlẹ̀, wọ́n á ti mọ̀ pé òun ló wà nísàlẹ̀, tó bá wá di pé omi túbọ̀ ń dín kù lábẹ́ wọn, á jẹ́ pé ó ń gòkè bọ̀ nìyẹn, kíá ni wọ́n á wakọ̀ sá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí ọ̀mùtí ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? Èèyàn tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wà nídìí ìtàn yẹn ni squid ńlá, ẹran òkun tí kò léegun, tó ní ọwọ́ gbọọrọ mẹ́wàá, tí onímọ̀ Japetus Steenstrup ará Denmark sọ ní Architeuthis ní 1857. Ó lè gùn tó mítà 12, ojú ẹ̀ nìkan fẹ̀ tó 27 sẹ̀ńtímítà. Síbẹ̀, àfi 2004 kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀ láàyè nínú ibú. Àwọn onímọ̀ ará Japan méjì, Tsunemi Kubodera àti Kyoichi Mori, ló so kámẹ́rà àti ìjẹ mọ́ okùn nítòsí àwọn erékùṣù Ogasawara ní Japan, ó jìn tó mítà 900, ni squid bá gbá ìjẹ mú, ìwọ̀ sì kọ́ ọ lọ́wọ́, ó jà fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rin kí ọwọ́ yẹn tó já. Ìgbà tí wọ́n fà á sókè, ó gùn tó mítà 5.5, ó sì ṣì ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n bá na ìka sí i á dì í mú! Ọwọ́ tó ti já o. Kò tóbi tó erékùṣù lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá rí i lóru lójú agbami, mi ò lè bá a wí.

Ti mámí wọ́tà, Columbus náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1493 pé òun rí mẹ́ta, pé wọn ò rẹwà tó bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Manatee ló ṣeé ṣe kó rí, ẹran omi tó máa ń fọ́mọ lọ́mú, tí ọmú ẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

Loch Ness ni àbúrò yín ti jàre. Fọ́tò 1934 tó gbayì jù, tí wọ́n ní ẹran omi náà ló wà níbẹ̀, orí àtọwọ́dá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi ìṣeré ọmọdé ni, ní 1994 ni àṣírí tú. Ìgbà tí wọ́n yẹ DNA inú adágún náà wò ní 2018, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ohun abẹ̀mí máa ń fi sílẹ̀ sómi, ti ẹja tó gùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní eel ló kúnbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí fọ́tò ẹja gbọọrọ bí ejò, ara ẹ̀ ń dán bíi fàdákà, nǹkan pupa wà lórí ẹ̀. Ṣé ejò òkun nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Oarfish ni. Ó lè gùn ju mítà 7 lọ, inú ibú ló ń gbé, tó bá ti ń ṣàìsàn tàbí tó fẹ́ kú la sábà máa ń rí i lókè omi. Kì í ṣèèyàn ní nǹkan kan, kò tiẹ̀ ní eyín tó lè fi géni jẹ.